Wífọ́ọ̀nù rírán: Ìtura orí oníbàárà ni èrè onídìrí

Ẹni tó bá rò pé irun ni onídìrí ń tà kò tíì mọ iṣẹ́ náà dénú. Irun wà lọ́jà, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ ló lè rà á. Ohun tí oníbàárà ń san owó fún gan-an ni kí orí òun tura, kí irun náà jọ èyí tó hù lórí òun, kí irun tòun tó wà nísàlẹ̀ má sì bàjẹ́. Onídìrí tó bá lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò ní máa wá oníbàárà kiri, àwọn ni yóò máa wá a. Èyí tí kò bá lè ṣe é, bí ó ti wù kí irun tó ń tà dára tó, ẹ̀ẹ̀kan ni oníbàárà yóò jókòó sórí àga rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo onídìrí, ṣùgbọ́n ó kan àwọn tó ń ṣòwò létí òkun ju ẹlòmíràn lọ. Ní Abereke, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Òǹdó, omi iyọ̀ wà nítòsí, afẹ́fẹ́ òkun kì í sinmi, ojú omi ni wọ́n sì ń gbà ṣe ọ̀pọ̀ ìrìn àjò. Irun tí wọ́n ń rà ní ọjà Balógun tàbí ní Trade Fair ní Èkó yóò gba Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa dé Igbókọ̀dá kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Tí ọjà náà kò bá dára, owó ọkọ̀ tí onídìrí yóò fi dá a padà lè ju èrè tó fẹ́ jẹ lórí rẹ̀ lọ. Ìlú etí omi kì í sì í ṣe ìlú ńlá tí èèyàn ti lè fi oníbàárà kan ṣòfò kó tún rí òmíràn lọ́la. Bí irun iwájú orí obìnrin kan bá pá, gbogbo àdúgbò ni yóò mọ ṣọ́ọ̀bù tó ti ṣe é.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti wá

Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń di irun. Ṣùkú, kolẹ́sẹ̀ àti ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe ohun àná. Ṣùgbọ́n wífọ́ọ̀nù, ìyẹn irun tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán mọ́ irun tí wọ́n ti kọ́kọ́ dì, ní ìtàn tirẹ̀. Christina Jenkins, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló lọ fi orúkọ ọgbọ́n iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 1951, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1952. Ohun tí obìnrin náà ń wá ni bí irun ṣe lè dúró lórí láìjẹ́ pé wọ́n fi píìnì kàn án mọ́ ọn, kó má sì máa yẹ̀ bíi wíìgì. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ìrọ̀rùn ni wọ́n torí rẹ̀ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Lónìí, ọjà irun ti di òwò ńlá láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ní tẹ́ńpìlì Tirumala ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn olùjọsìn ń fá irun wọn fún òrìṣà wọn, àwọn alákòóso tẹ́ńpìlì náà sì ń ta irun ọ̀hún ní gbàǹjo. Ní ìlú Xuchang ní ilẹ̀ Ṣáínà, ilé iṣẹ́ lóríṣiríṣi ló ń fọ irun, tó ń pa á láró, tó sì ń rán an kó tó di èyí tí wọ́n ń kó wá sí Áfíríkà. Ní Nàìjíríà pàápàá, ilé iṣẹ́ wà tó ń ṣe irun oníke.

Nítorí pé òkè òkun ni ọ̀pọ̀ irun yìí ti ń wá, ọ̀rọ̀ dọ́là kò lè ṣàì kàn án. Kí ìjọba tó yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà ní oṣù kẹfà 2023, nǹkan bíi 470 náírà ni dọ́là kan lójú ọjà ìjọba. Ní oṣù kejì 2024, ó ti kọjá 1,500 náírà. Láti ìgbà náà, irun tí oníbàárà ń rà tí ó ń jù nù lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ti di ìnáwó tí ọ̀pọ̀ kò lè gbé. Ìdí nìyí tí mímọ irun rà àti mímọ irun tọ́jú fi di ara òwò onídìrí.

Kí ẹ mọ irun kí ẹ tó sanwó

Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà: irun èèyàn gidi, irun oníke, àti èyí tí wọ́n pò pọ̀. Èyí tó ń kó bá àwọn onídìrí jù ni àpòpọ̀ tí wọ́n tà fún wọn bí ẹni pé irun èèyàn ni. Ọ̀nà tó rọrùn láti dá a mọ̀ ni kí ẹ fa ìwọ̀nba fọ́nrán díẹ̀ yọ, kí ẹ fi iná sí i níbi tí kò séwu. Irun èèyàn yóò rùn bí ìyẹ́ adìyẹ tí iná jó, yóò sì di eérú tí ẹ lè fi ìka tẹ̀ fọ́. Irun oníke yóò yọ́, yóò ká jọ, yóò sì le bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré. Bí ẹ bá rí méjèèjì nínú ìdì kan, àpòpọ̀ ni.

Ohun kejì ni bí irun náà ṣe dojú kọ. Irun èèyàn ní èèpo tín-ín-rín tó tò láti ìdí lọ sí orí, bí ìpẹ́ ẹja. Bí wọ́n bá to gbogbo fọ́nrán náà kí orí wọn kọjú sí ọ̀nà kan náà, kò ní máa lọ́ pọ̀. Irú èyí ni wọ́n ń pè ní Remy. Ẹ fi ìka méjì mú fọ́nrán kan, kí ẹ fà á láti ìdí lọ sí orí, yóò máa yọ̀. Kí ẹ fà á padà láti orí wá sí ìdí, yóò ha díẹ̀. Bí ó bá ń yọ̀ lọ́nà méjèèjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n sì fi èròjà kan pa á lára kó lè máa dán. Dídán yẹn kì í kọjá ìgbà mélòó kan tí wọ́n bá fọ̀ ọ́.

Ìkẹta, ẹ má sanwó fún orúkọ. Brazilian, Peruvian àti Malaysian tí wọ́n ń kọ sára páálí kì í fi ibi tí irun ti wá hàn lọ́pọ̀ ìgbà. Orúkọ tí ọlọ́jà fi ń ya bí irun ṣe rí sọ́tọ̀ ni, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló jẹ́ pé ilẹ̀ Íńdíà tàbí Ṣáínà ló ti wá. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni ojú rírán rẹ̀, ìyẹn etí tí wọ́n fi ẹ̀rọ rán irun náà mọ́. Ẹ fi ọwọ́ yà á wò. Bí fọ́nrán tó pọ̀ bá ń bọ́ sí yín lọ́wọ́ níwájú ọlọ́jà, mélòó ni yóò kù lórí oníbàárà lẹ́yìn oṣù kan?

Irun tó jọ ti ara ẹni

Ohun tó ń jẹ́ kí wífọ́ọ̀nù fara hàn bí ohun àfimọ́ kì í ṣe gígùn rẹ̀ nìkan. Ó lè jẹ́ pé ó dán ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè pọ̀ jù, ó sì lè jẹ́ pé kò bá irun tí wọ́n fi sílẹ̀ níwájú mu. Obìnrin tí kì í fi rílásà sí irun rẹ̀, tó wá ran irun tó nà gbọọrọ, yóò máa fi iná na irun iwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ kó lè bá tẹ̀yìn dọ́gba. Kò ní pẹ́ tí iwájú náà yóò fi já. Irun tó rí kókó tàbí tó wú díẹ̀ ló bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ mu. Ẹni tó ń lo rílásà lè mú èyí tí wọ́n ń pè ní Yaki, nítorí pé ó jọ irun dúdú tí wọ́n nà.

Ní ti àwọ̀, ojú oòrùn ni kí ẹ ti gbé irun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oníbàárà, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Ní ti bó ṣe pọ̀ tó, ìdì kan sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 100. Ìdì méjì lè tó fún irun tí kò gùn ju íǹṣì 12 lọ. Èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lè gba mẹ́ta. Gíráàmù 300 nìyẹn lórí irun tí wọ́n dì, kò sì tíì mu omi. Ẹni tí irun rẹ̀ bá fẹ́lẹ́, kò yẹ kí onídìrí gbé ẹrù mẹ́ta lé e lórí nítorí èrè ìdì kan sí i.

Orí tó ń dunni kì í ṣe ẹwà

Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin lára láti lo Paracetamol lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá dirun. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé irun tí kò bá le kò ní pẹ́ lórí. Àwọn dókítà awọ ara kò fara mọ́ ọn. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nonhlanhla Khumalo àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Cape Town, tó jáde ní 2007, fi hàn pé nínú 100 àgbà obìnrin tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bíi 32 ni irun wọn ti ń pá nítorí fífà. Àwọn olùwádìí kan náà rí i pé ewu náà pọ̀ sí i bí wọ́n bá fa irun tó ti gba rílásà.

Ẹ̀bátí àti iwájú orí ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá tètè dáwọ́ fífà náà dúró, irun lè hù padà. Bí ó bá pẹ́, ibi tó ń hu irun jáde yóò di àpá, kò sì ní hù mọ́. Oníbàárà tó bá dé ibi yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ onídìrí títí láé.

Nítorí náà, kí onídìrí má fi rílásà sórí kó sì rán irun mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà. Ó dára kí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì wà láàárín wọn. Kí irun ìsàlẹ̀ má le. Bí kókó kéékèèké bá ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irun tí wọ́n ń dì, tàbí tí awọ orí ń ga sókè, kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bo irun tí wọ́n dì náà kí wọ́n tó rán wífọ́ọ̀nù mọ́ ọn, nítorí pé nẹ́ẹ̀tì máa ń pín ẹrù náà káàkiri orí. Kí wọ́n má rán an dé etí iwájú orí, níbi tí irun ti fẹ́lẹ́ jù. Kí kókó òwú má pọ̀ lójú kan.

Kí oníbàárà tó dìde, ẹ bi í léèrè. "Màmá, ẹ gbójú sókè, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ mirí yín. Ṣé ó ń fà yín níbì kan?" Ìbéèrè yìí kò gba ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n oníbàárà tí ojú ń tì láti sọ̀rọ̀ yóò tipa bẹ́ẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é, onídìrí yóò sì tún un ṣe kó tó di ẹjọ́. Ní ti àwọn ọmọdé, ẹrù wífọ́ọ̀nù kò yẹ orí wọn.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán irun lè gún awọ orí, ẹ̀jẹ̀ sì lè jáde. Nípa bẹ́ẹ̀, kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú tàbí HIV lè ti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Kí abẹ́rẹ́ oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Iye abẹ́rẹ́ tuntun kò tó nǹkan lára owó iṣẹ́, bí oníbàárà bá sì rí i pé wọ́n ṣí i níwájú òun, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀.

Omi, iyọ̀ àti èéfín

Irun tó wà lórí ẹni máa ń rí òróró díẹ̀díẹ̀ láti inú awọ orí. Wífọ́ọ̀nù kì í rí i. Ìdí nìyí tí iyọ̀ òkun fi ń tètè gbẹ ẹ́, tí yóò máa le, tí yóò sì máa lọ́ pọ̀. Kí ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Abereke lọ sí Igbókọ̀dá di irun rẹ̀ sẹ́yìn, kó sì fi gèlè tàbí fìlà bò ó kí atẹ́gùn má ta á pọ̀. Bí omi iyọ̀ bá ta sí i, kó fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án lọ́jọ́ náà gan-an.

Omi òjò ló dára jù láti fi fọ irun létí òkun. Ọṣẹ ń tètè hó nínú rẹ̀, kì í sì í fi irun sílẹ̀ ní gbígan. Onídìrí tó ní kẹ̀ǹgbẹ̀ tàbí táǹkì tó fi ń gbe omi òjò ti ní ohun èlò iṣẹ́ tí kò ná an ní owó ojoojúmọ́. Kí wọ́n po ṣampúù mọ́ omi, kí wọ́n dà á sáàárín ojú rírán, kí wọ́n fi ìka rọra fọ awọ orí, kí wọ́n sì ṣàn án títí ọṣẹ yóò fi tán. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tó. Bí wọ́n bá ń ya irun náà, láti orí rẹ̀ ni kí òòyà ti bẹ̀rẹ̀, kó máa bọ̀ sí ìdí díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti ìdí bẹ̀rẹ̀ ń fa irun já ni.

Gbígbẹ ló ṣòro jù. Afẹ́fẹ́ etí omi tutù, irun tí wọ́n dì sísàlẹ̀ sì lè máa rin síbẹ̀ nígbà tí tòkè ti gbẹ. Bí ó bá rin bẹ́ẹ̀ sùn, yóò máa rùn, orí yóò máa yún ẹni, làpálàpá orí pẹ̀lú lè rí àyè. Àárọ̀ ni kí wọ́n máa fọ̀ ọ́, kí oòrùn àti atẹ́gùn lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò, tí wọ́n ní láti tan jẹnẹrétọ̀ fún dráyà, kí wọ́n kó oníbàárà méjì sí mẹ́ta jọ sí ọjọ́ kan náà kí epo lè pa owó wọlé.

Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja tàbí edé nílò ìkìlọ̀ ọ̀tọ̀. Irun oníke máa ń yọ́ lójú iná, bí ó bá gbiná, ó lè lẹ̀ mọ́ awọ ara. Onídìrí tó mọ iṣẹ́ oníbàárà rẹ̀ kò ní rán irun oníke tó gùn dé èjìká fún ẹni tó ń tẹ̀ síwájú ààrò lójoojúmọ́. Irun kúkúrú ló yẹ ẹ́, kó sì máa fi aṣọ òwú wé e nídìí iṣẹ́ kí èéfín má wọ̀ ọ́. Lálẹ́, aṣọ tó ń yọ̀ bíi sátíìnì ni kí oníbàárà fi wérí sùn.

Ìṣirò tó yẹ kí oníbàárà gbọ́

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní irun oníke jẹ́ 8,000 náírà, tí wọ́n ń lò ó lẹ́ẹ̀kan. Ká ní irun èèyàn jẹ́ 56,000 náírà. Bí wọ́n bá tọ́jú irun èèyàn náà tí wọ́n rán an lẹ́ẹ̀mẹjọ, 7,000 náírà ló ná oníbàárà nígbà kọ̀ọ̀kan, kò tó owó oníke. Ṣùgbọ́n bí ó bá bàjẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, iye rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan ti lé ní 18,600 náírà. Ìtọ́jú ló ń sọ irun olówó ńlá di olówó pọ́ọ́kú. Ẹni tí kò bá ráyè tọ́jú rẹ̀, irun oníke tó dára sàn fún un, kí onídìrí sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un láìṣẹ̀tàn.

Onídìrí pẹ̀lú ní ìṣirò tirẹ̀. Ká ní ó ń gba 5,000 náírà fún rírán, 2,000 fún fífọ̀ àti 1,500 fún títú. Bí oníbàárà bá rán irun tó sì lọ, 5,000 náírà ni gbogbo rẹ̀. Bí ó bá padà wá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tó sì wá tú u, owó náà di 12,500 náírà láti ara orí kan ṣoṣo, láìṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọjà tuntun. Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan ló ń mú èyí ṣeé ṣe: orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ọjọ́ tó rán irun, ọjọ́ fífọ̀ àti ọjọ́ títú. Kí ọmọọṣẹ́ pè é ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Ọjọ́ títú

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló yẹ kí wífọ́ọ̀nù lò lórí. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, irun tó ń hù nísàlẹ̀ yóò máa gbé ẹrù náà jìnnà sí awọ orí, yóò sì máa lọ́ mọ́ra wọn. Bí wọ́n bá ń tú u, òwú ni kí wọ́n gé, kí wọ́n má kánjú.

Ibí yìí ni ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé irun púpọ̀ yóò já bọ́. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan abẹ. Irun tó tó 50 sí 100 fọ́nrán ló ń bọ́ lórí èèyàn lójoojúmọ́ fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyẹn ọjọ́ 42, ó ti di 2,100 sí 4,200 fọ́nrán, gbogbo rẹ̀ ló sì há sínú irun tí wọ́n dì. Ohun tó yẹ kó kó ìdààmú báni ni kí ojú orí hàn gbangba níbì kan, kí ẹ̀bátí sún sẹ́yìn, tàbí kí egbò wà níbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, dókítà ló yẹ kó lọ rí. Kí onídìrí má tún rán òmíràn sí i.

Lẹ́yìn títú, kí orí sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Àwọn onídìrí kan ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá sọ bẹ́ẹ̀, owó yóò lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tí onídìrí sọ fún pé kó sinmi, tó sì rí i pé irun òun ń nípọn sí i, ibo ni yóò tún lọ? Kolẹ́sẹ̀ tí kò le ni onídìrí yóò dì fún un ní ọ̀sẹ̀ ìsinmi náà, owó díẹ̀ yóò sì wọlé. Orí tí irun wà lórí rẹ̀ ni oko onídìrí. Ẹni tó bá ba oko rẹ̀ jẹ́ nítorí ìkórè ọdún kan, kí ni yóò kó lọ́dún tó ń bọ̀?